Ẹ̀rọ Bíréèlì Tí Wọ́n Fi Pamọ́ fún Mi

Ojú kò dùn mí rí. Àwọn tó ríran ni ojú mi ń dùn.

Èéyi ló mú un lọ kí n tó dàgbà tó láti mọ ohun tó ń bọ́ lọ́wọ́ mi. Mi ò rántí oòrùn, mi ò rántí bí ìyá mi ṣe rí. Etí àti ìka ni mo fi dàgbà. Mo lọ sí ilé-ìwé àwọn afọ́jú, mo lọ sí yunifásítì, mo sì padà sí ilé-ìwé wa láti máa kọ́ àwọn ọmọdé ní bíréèlì, ìwé oníkókó tí àwa máa ń fi ìka kà. Mo ní yàrá tèmi ní Ìbàdàn, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi. Mò ń dá lọ sí ọjà, mò ń dá bọ̀. Àwọn ọlọ́kadà ìkòríta wa mọ̀ pé ọ̀pá funfun ló wà lọ́wọ́ mi, wọ́n sì mọ̀ pé ẹnu mi mú.

Ṣùgbọ́n nínú ẹbí wa, èmi ni àdúrà tí kò tíì gbà.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo, jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kan ní Lawrenceville, lẹ́bàá Atlanta. Nígbà tí ó ní òun fẹ́ mú mi wá sí Amẹ́ríkà, ìyá mi ti sọ fún gbogbo àdúgbò kí n tó gbọ́ rárá. Kò ní ọmọ òun ń lọ ṣiṣẹ́. Ó ní, "Wọ́n fẹ́ lọ la ojú rẹ̀." Èmi ní tèmi, iṣẹ́ ni mo bá lọ. Mo ti gbọ́ pé àwọn afọ́jú ń ṣe agbẹjọ́rò níbẹ̀, wọ́n ń ṣe olùkọ́ láàárín àwọn tó ríran, wọ́n ń dá gbé. Mo fẹ́ ìyẹn. Kò sẹ́ni tó bi mí, èmi náà kò sì sọ.

Kò pẹ́ tí mo dé ni ó gbé mi lọ rí dókítà ojú. Oníwà pẹ̀lẹ́ ni dókítà náà. Ó ní àpá náà ti pẹ́ jù, ó ti jinlẹ̀ jù, kò sí iṣẹ́ abẹ tó lè tún un ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń sọ ọ́ fún. Èmi tí mo ni ojú náà, mo jókòó sáàárín wọn bí àpò ìrẹsì tí wọ́n ń bi ara wọn léèrè bóyá ó ti bàjẹ́. Ìgbà tí a fẹ́ máa lọ ni dókítà náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjú sí mi. Ó ní ọ́fíìsì ìjọba kan wà tó ń ran àwọn afọ́jú lọ́wọ́ láti ríṣẹ́ ṣe, ó sì ní kí n pè wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n mi wa mọ́tò náà dé ojú ọ̀nà ńlá. Lẹ́yìn náà ó ní, "A máa lọ rí òmíràn."

"Bọ̀ọ̀dá mi, mo gbọ́ ohun tó sọ. Ó ti tó."

"Má sọ bẹ́ẹ̀. Wọn kì í fi ìgbàgbọ́ ṣeré."

Ọjọ́ kejì, bí ó ṣe lọ síbi iṣẹ́, mo pe ọ́fíìsì náà fúnra mi. Wọ́n gba orúkọ àti àdírẹ́sì mi, wọ́n ní àwọn á wo irú ẹ̀rọ tí àwọn lè fi ràn mí lọ́wọ́.

Dacula, ìlú kékeré kan lẹ́bàá Lawrenceville, ni ilé ẹ̀gbọ́n mi wà, nínú ẹstéètì tuntun kan. Kò tíì gbéyàwó, ó ń dá gbé. Bí ó bá ti lọ sí shift, èmi àti fíríìjì nìkan ló kù. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ilé lè dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní Ìbàdàn, etí mi máa ń sọ ibi tí mo wà fún mi: rédíò aláṣọ, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ọmọ tí wọ́n ń bá wí. Ní Dacula, ẹ̀rọ tó ń gé koríko nìkan ló ń sọ̀rọ̀, òun náà kì í sì í pẹ́ dákẹ́.

Mo jáde ní àárọ̀ ọjọ́ kan láti lọ mọ àdúgbò. Mo ń fi ọ̀pá mi tẹ̀ lé etí koríko jẹ́jẹ́ nígbà tí mọ́tò kan dúró. Obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ó gbá apá mi mú, ó ń pè mí ní "sweetheart", ó ń bi mí ta ló sọ mí nù. Mo ní mò ń rìn kiri ni. Kò gbọ́. Ó fà mí láti ilé dé ilé, ó ń kan ilẹ̀kùn, títí ẹnì kan fi sọ fún un pé ilé nọ́ọ̀sì ará Áfíríkà ni mo ti wá. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dé, tí ó gbọ́, èmi ló bá wí.

"O ò gbọdọ̀ dá jáde mọ́. Ibí kì í ṣe Ìbàdàn. Wọ́n lè pe police."

"Nítorí pé mò ń rìn?"

"Nítorí pé wọn ò mọ̀ ẹ́."

Báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ mí bí mi ò bá jáde? Mo bi í. Ó ní oúnjẹ wà nínú máíkírówéfù.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa wà nínú plaza kan ní Lawrenceville. Níbẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ Yorùbá bí mo ṣe fẹ́, níbẹ̀ náà sì ni inú ti máa ń bí mi jù. Gbogbo Aunty àti Uncle tó bá kí mi ló máa ń fi "Olúwa á ṣe é" kún un, bí ìgbà tí wọ́n ń kí ẹni tó ṣọ̀fọ̀. Ọjọ́ Ìsinmi kan, pásítọ̀ pè mí síwájú. Ó da òróró sí mi lójú, ó fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ ẹyinjú mi mọ́lẹ̀, ìjọ ń pariwo àmín. Ó wá gbé gbohùngbohùn sí mi lẹ́nu.

"Arábìnrin, kí lo rí?"

"Ẹ̀fọ́rí, sà."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sì yára fi ikọ́ bò ó mọ́lẹ̀. Inú bí ẹ̀gbọ́n mi gan-an nígbà tí a délé. Ó ní mo dójú ti òun. Mo ní èmi ni wọ́n tẹ̀ lójú, òun ni ojú ń tì.

Ibi iṣẹ́ ni mo wá di gbogbo ìrètí mi mọ́. Mo ti gbọ́ nípa iléeṣẹ́ kan tó ń fi fóònù ṣe ògbufọ̀. Bí ẹnì kan tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì bá wà lọ́dọ̀ dókítà, wọ́n á pe ògbufọ̀ sórí fóònù, yóò sì máa túmọ̀ fún àwọn méjèèjì. Ta ló tún kù tí iṣẹ́ yìí yẹ jù mí lọ? Etí ni iṣẹ́ náà, ẹnu ni. Mo gba ẹ̀kọ́ tí wọ́n ní kí n gbà, mo sì dé ibi ìdánwò. Obìnrin kan á máa ka ọ̀rọ̀ gígùn bí dókítà ṣe ń sọ ọ́, pẹ̀lú orúkọ oògùn àti ìgbà lílò wọn, èmi á sì sọ gbogbo rẹ̀ ní Yorùbá láìyọ ọ̀kan sílẹ̀. Wọ́n gbà kí ènìyàn máa kọ díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀. Ohun ìkọ̀wé tèmi ni síléètì onírin àti kálámù rẹ̀ tí mo ti ń lò láti kékeré, èyí tí à ń fi gún bébà ní kókó kọ̀ọ̀kan, láti ọ̀tún sí òsì.

Ó ń sọ̀rọ̀, mò ń gún un. Kọ̀, kọ̀, kọ̀, kọ̀.

"Jọ̀ọ́, ariwo kí nìyẹn?" ni obìnrin náà bi mí.

Mo ṣàlàyé. Ó ní ó dáa. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni mo ti ń gún bébà pẹ̀lú ẹ̀rù, kálámù mi sì ti wà ní gbólóhùn kejì nígbà tí òun ti dé ìkarùn-ún. Mo gbàgbé oògùn kan, mo pa òmíràn dà. Mo fìdí rẹmi. Wọ́n ní mo lè padà wá ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni fóònù mi dún. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Denise ló ń pè, láti ọ́fíìsì tí mo kàn sí nígbà náà lọ́hùn-ún. Òun ló ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ìlò ẹ̀rọ. Ó bi mí bí mo ṣe ń gbádùn ẹ̀rọ bíréèlì mi.

"Ẹ̀rọ wo?"

Ó ní wọ́n ti gbé e dé ilé wa tipẹ́, ẹnì kan nínú ilé ló sì gbà á.

Ẹnì kan nínú ilé. Àwa méjì péré la wà níbẹ̀.

Mo jókòó sí pálọ̀ dè é. Bí ó ṣe wọlé, tí ó ń bọ́ bàtà, mo ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé ẹrù kan dé fún mi?"

Bàtà kan bọ́ sílẹ̀. Ìkejì kò tètè bọ́.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ẹ dá mi lóhùn ná."

"Ó wà nísàlẹ̀, níbi tí mò ń gbé mọ́tò sí. Mo fẹ́ ká kọ́kọ́ rí dókítà tuntun yẹn. Tí o bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ó túmọ̀ sí pé a ti gbà pé ó ti parí."

"Kí ló parí?"

"Ojú ẹ."

"Ojú mi ti parí kí ẹ tó mọ ìwé kọ!" Mi ò gbé ohùn sókè sí i rí láyé mi, ẹ̀gbọ́n mi ni. Lọ́jọ́ náà mo gbé e. "Mo jókòó sínú yàrá yẹn, mò ń gún bébà bí ẹni tó ń gún ẹ̀gúsí, mo fìdí rẹmi níbi iṣẹ́ tí mo lè ṣe, ohun tó yẹ kí n fi ṣe é sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi!"

"Ire ẹ ni mò ń wá."

"Ire mi tí ẹ ò bi mí nípa rẹ̀?"

Ó ní mi ò mọ bí ó ṣe ń rí lára òun láti máa wò mí. Ẹ gbọ́ ná. Òun tó ń wò ló ń jìyà! Mo dìde, mo fi ọwọ́ tẹ̀ lé ògiri, mo sọ̀ kalẹ̀. Mo wá ẹrù náà láàárín àwọn táyà àtijọ́ àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko. Òun náà sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀ lé mi, ó fẹ́ bá mi gbé e. Mo ní kó má fọwọ́ kàn án. Ó padà sókè.

Orí sìmẹ́ńtì níbẹ̀ ni mo ti tú u.

Mo fẹ́ sọ bí ó ṣe rí lọ́wọ́ mi, nítorí pé bí inú ṣe ń bí mi tó, mi ò lè gbàgbé rẹ̀. Ó pẹlẹbẹ, ó tutù, ó ń rùn bíi bàtà tuntun. Kò wúwo ju Bíbélì ńlá lọ. Bọ́tìnnì tí a fi ń kọ̀wé wà lórí rẹ̀, bíi ti ẹ̀rọ irin ràgàjì tí a ń lò ní ilé-ìwé wa, ìyẹn tí ariwo rẹ̀ máa ń jí àwọn aládùúgbò. Èyí kò pariwo. Ó rọ̀ bí èékánná ọmọdé. Nísàlẹ̀ bọ́tìnnì ni ojú ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà. Mo fọwọ́ lé e, ó dán, kò sí ohunkóhun níbẹ̀. Mo tan ẹ̀rọ náà. Ó gbọ̀n díẹ̀, lójijì ni àwọn kókó kéékèèké yọ lábẹ́ ìka mi, wọ́n tò, wọ́n di ọ̀rọ̀. Mo tẹ bọ́tìnnì kan, wọ́n wọlẹ̀, àwọn mìíràn yọ. Ìwé tí kò ní bébà! Mo rẹ́rìn-ín níbẹ̀, èmi nìkan, lórí sìmẹ́ńtì.

Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ẹ̀rọ náà ní ohùn, ó ń ka ohun tí ènìyàn bá kọ sókè. Mo kọ orúkọ mi. Ó kà á bí ẹni tí ẹja há lọ́fun. Mo gbà fún un, àjèjì ni. Mo wá kọ ọ́ pé, "Mò ń kàwé."

Ó ní, "Mo not kawe."

Mo rò pé mo ṣì í tẹ̀ ni. Mo kọ ọ́ pé, "Mò ń ṣiṣẹ́." Ó tún ní "not". Ìgbà náà ló yé mi. Nínú bíréèlì Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n máa ń gé ọ̀rọ̀ kúrú: lẹ́tà n tó bá dá dúró, "not" ló dúró fún. Bẹ́ẹ̀ lẹ́tà kékeré yẹn ni àwa fi ń sọ pé nǹkan ń lọ lọ́wọ́. Nítorí náà gbogbo ohun tí mo bá ní mò ń ṣe, ẹ̀rọ náà ní mi ò ṣe é. Mò ń bọ̀: rárá. Mò ń gbọ́: rárá. Àmì ẹ àti ọ wa, tí mo ti fi kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ, nǹkan mìíràn pátápátá ló ń kà wọ́n sí. Mo wá inú rẹ̀ bóyá mo lè rí Yorùbá níbẹ̀. Mo rí èdè àwọn ìlú tí gbogbo èrò wọn lè wọ inú Ìbàdàn kí àyè sì ṣẹ́ kù. Yorùbá kò sí.

Mo pa á. Inú bí mi gidigidi. Ẹ̀gbọ́n mi ní ojú mi ni ìṣòro, obìnrin onímọ́tò Dacula yẹn ní ìrìn mi ni, ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún afọ́jú wá dé, ó ní èdè mi ni.

Ìyá mi pè ní Sátidé. Ẹ̀gbọ́n mi ti sọ fún un.

"Mo gbọ́ pé wọ́n fún ẹ ní ẹ̀rọ afọ́jú." Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Afọ́jú ni mí."

"Olúwa má jẹ̀ẹ́! Má fi ẹnu ara ẹ sọ ọ́!" Ó bú sẹ́kún. "Ṣé ohun tí a tìtorí ẹ̀ rán ẹ lọ nìyí? Kí o lọ di afọ́jú ní Amẹ́ríkà?"

"Màmá, ìgbà tí mo wà nílé, kí ni mo jẹ́?"

Mo gbọ́ tí ó ń fi etí aṣọ nu imú. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́, mo fẹ́ kígbe mọ́ ọn, mi ò ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Mo bi í bóyá òjò ti rọ̀. Ó ní ó ti rọ̀. A sọ̀rọ̀ òjò títí káàdì rẹ̀ fi tán.

Nígbà tí mo fẹ́ lọ rí Denise ní Downtown, àárín ìlú Atlanta, ẹ̀gbọ́n mi gbé mi dé ibùdó train, ó sì fẹ́ bá mi wọlé. Mo ní kó padà. Ó dúró síbẹ̀ pẹ́, mo gbọ́ mọ́tò rẹ̀ tí kò lọ. Mo wọ train náà fúnra mi, mo ń gbọ́ orúkọ ibùdókọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sọ̀ níbi tó yẹ, mo bi ẹnì kan ọ̀nà, ó sì sọ ọ́ fún mi láìdì mí lápá mú. Ó ti pẹ́ tí mo ti rìn bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Ẹsẹ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé bí ó ṣe dùn tó.

Obìnrin dúdú ọmọ Amẹ́ríkà ni Denise, afọ́jú bíi tèmi. Mo gbé ẹ̀rọ náà ka orí tábìlì rẹ̀, ó sì dún gbì.

"Kí ni ẹ̀rọ yẹn ṣe ọ́?" ó bi mí.

Mo ròyìn rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, inú sì tún bí mi sí òun náà. Ó ní kí n máa fi Gẹ̀ẹ́sì kọ gbogbo rẹ̀, ó ṣe tán, Gẹ̀ẹ́sì mi dán mọ́rán. Ta ló máa ka Yorùbá inú rẹ̀?

"Èmi."

Mo gbọ́ tí ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ mi.

"Ó dáa," ó ní. "Ẹnu rẹ̀ la máa kọ́kọ́ pa."

Ó fi ibi tí wọ́n ti ń pa ohùn náà hàn mí, ó sì kọ́ mi bí mo ṣe lè yọ gbogbo ìgékúrú Gẹ̀ẹ́sì yẹn kúrò, kí ẹ̀rọ náà má bàa máa túmọ̀ ohunkóhun mọ́, kí ó kàn máa gbé kókó tí mo bá tẹ̀ padà fún mi. Mo fi bíréèlì Yorùbá ilé-ìwé wa kọ gbólóhùn kan, mo gbé ìka lé ojú ìlà náà. Mò ń bọ̀. Bí mo ṣe kọ ọ́ gan-an ló wà níbẹ̀, láìsí "not", ọ̀ náà kò sì yí padà.

Àwọn ènìyàn máa ń ní kí n dúpẹ́. Nílé, wọ́n ní kí n dúpẹ́ pé wọn kò fi mí ṣagbe. Níbí, wọ́n ní kí n dúpẹ́ pé mo dé Amẹ́ríkà, pé ìjọba fún mi ní ohun tí ọ̀pọ̀ kò ní. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Denise. Ẹ̀rọ náà dára, mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì ń bínú sí i síbẹ̀, nítorí pé ẹni tó ṣe é kò rò ó rí pé irú mi wà. Mo ti rò ó pé ìlú tí mo bá dé tí wọ́n bá ní ẹ̀rọ àti ojú ọ̀nà tó dára, níbẹ̀ ni màá ti jẹ́ ènìyàn. Ìyọ́nú kan náà ni mo bá níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń sọ̀rọ̀.

Mo padà lọ ṣe ìdánwò náà. Obìnrin yẹn kà, ìka mi ń tẹ̀ lé e láìpariwo. Mo sọ gbogbo rẹ̀, oògùn kan kò bọ́. Iṣẹ́ náà di tèmi. Ẹ̀gbọ́n mi gbé tábìlì kan wọ yàrá mi láìsọ ohunkóhun, ó sì ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kọjá ilẹ̀kùn mi bí mo bá wà lórí fóònù. A kò tíì parí ìjà náà. Kò dárúkọ dókítà mọ́.

Ìpè kan wà tí mo fẹ́ sọ. Ìyá àgbà kan ni, pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, lọ́dọ̀ dókítà. Dókítà sọ̀rọ̀ gígùn: kíndìnrín ìyá náà ti dáṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní láti máa fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò sì ní í dáwọ́ dúró mọ́. Mò ń kọ ọ́ sílẹ̀. Kí n tó la ẹnu, ọmọ náà ti fi Yorùbá já a gbà.

"Aunty, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ìyẹn fún Màmá. Ẹ kàn ní àrẹ̀ ni, kí wọ́n máa lo oògùn wọn."

Òfin iṣẹ́ wa ni pé ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá sọ, a máa túmọ̀ rẹ̀. Mo túmọ̀ ohun tí ọmọ náà sọ fún dókítà, láìyọ "ẹ jọ̀ọ́" pàápàá. Ọmọ náà bínú, ó ní ta ló rán mi níṣẹ́. Dókítà ní kí n máa bá ọ̀rọ̀ òun lọ sọ́dọ̀ ìyá. Mo gbé ìka lé ojú ìlà, mo sì sọ ọ́ fún ìyá náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀ tó yẹ àgbà, láìfi ohunkóhun pamọ́.

Mo gbọ́ ọmọ rẹ̀ tó ń mí gúlegúle.

"Ìwọ ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ nínú fóònù yẹn," ìyá náà wí nígbẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ kò sì gbọ̀n. "O ṣeun. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ lórí mi. Mo mọ̀ pé kì í ṣe àrẹ̀. Bá mi sọ fún dókítà pé mi ò tíì kú. Èmi ni kó máa bá sọ̀rọ̀."

Mo sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo sì sọ ọ́ sókè ju bí ìyá náà ṣe sọ ọ́ lọ.